Mo Sọ Oyin Di Jagunjagun

Tí wọ́n bá ní kí ẹni tó gbọ́n jù ní ìlú Padang lọ́dún 1987 na ọwọ́ sókè, ọwọ́ méjèèjì ni ǹ bá nà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì fi gbogbo ẹ̀rín yín rín mi báyìí. Ẹ fi díẹ̀ pamọ́, ẹ ó nílò rẹ̀ níwájú.

Zulhendri lorúkọ mi. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí nígbà náà, mò ń kàwé gboyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ìtàn. Mo ní awò ojú tí ojú mi kò nílò. Mo ní báàgì awọ ńlá kan tí gbogbo ènìyàn rò pé ìwé ló kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ tí ìyá mi dì fún mi ló wà níbẹ̀.

Awuyewuye kan ń jà láàárín àwọn onímọ̀ ìtàn wa láyé ìgbà yẹn. Lọ́dún 1908, Òyìnbó Hólándì bu owó orí lé àwọn baba ńlá wa, àwọn kan sì kọ̀ ọ́. Ta ló kọ̀ ọ́ gan-an? Ọ̀jọ̀gbọ́n Bachtaruddin, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, ní gbogbo abúlé orí òkè ló fẹnu kò, tí wọ́n dìde ogun lẹ́ẹ̀kan náà. Ìhà kejì ní irọ́ ni, pé abúlé díẹ̀ ló jà, àwọn yòókù sá tàbí kí wọ́n san án, àti pé ìgbà tí a gba òmìnira tán ni gbogbo wa ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ akọni. Àwọn àgbà onímọ̀ yìí kì í kí ara wọn nílé òkú nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Èmi, ẹ̀yìn Ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo wà. Ṣé mo ti yẹ ẹ̀rí wò ni? Kí la ó fi ẹ̀rí ṣe! Àyè kan ṣoṣo ló wà láti lọ kàwé sí i ní Hólándì, ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló sì wà. Ibi tí ọbẹ̀ ti ń ta sánsán ni mo gbé àwo mi lọ.

Ẹni kan péré ló lè gba àyè náà mọ́ mi lọ́wọ́. Mardanis ni. Obìnrin tó ṣe tín-ín-rín, tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, àmọ́ tí etí rẹ̀ mú bí abẹ. Òun ni olùrànlọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Tí ènìyàn bá wí gbólóhùn kan nínú kíláàsì, yóò bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló sọ ọ́? Ìgbà wo ló sọ ọ́? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?" Mo kórìíra ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èmi àti òun la jọ lọ sí Koto Ambun, abúlé kan lórí òkè, láti lọ gba ohùn ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Rawani. Ìyá náà ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni lọ́dún 1908, ojú rẹ̀ ló sì ṣe gbogbo rẹ̀. Mardanis tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ, kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ìyá àgbà," mo ní, mo tún awò ojú mi ṣe, "báwo ni àwọn akọni abúlé yìí ṣe lé àwọn sójà Òyìnbó lọ?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Mo ti fi ìdáhùn há ìyá arúgbó lẹ́nu kó tó la ẹnu.

"Akọni wo?" ìyá àgbà bi mí. "Oyin ló lé wọn."

"Ẹ ní kí ni?"

"Oyin! Kòkòrò tó ń ta ènìyàn. Ṣé ẹ ò ní in ní Padang ni? A rí sójà lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo wa sá wọ odò. Àwọn oyin ti pa afárá sórí igi ńlá ẹnu abúlé. Sójà kan rí nǹkan dúdú láàárín ewé, ó rò pé ènìyàn ló lúgọ síbẹ̀, ló bá fi ìdí ìbọn gbá a. Yéè! Oyin jáde láti inú igi, wọ́n bò wọ́n, wọn ò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà sá. Wọ́n sọ ìbọn nù, wọ́n wá bá wa nínú odò. Àwa àti sójà la jọ rì sómi, imú nìkan la yọ síta. À ń wo ara wa lójú."

Mardanis rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mò ń wo Hólándì tó ń fò lọ pẹ̀lú oyin.

Ojú ìyá àgbà wá yí padà. "Wọ́n tún padà wá lọ́jọ́ kẹjọ," ó ní. "Wọ́n dáná sun àká ìrẹsì wa. Àká mẹ́rìnlá. Àbúrò mi, Rakiah…"

Mo wo aago ọwọ́ mi. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, bọ́ọ̀sì wa fẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ dá a dúró."

"Ẹ máa wí, Màmá," Mardanis sọ, ó yí kásẹ́ẹ̀tì sí ojú kejì. Mo jáde. Ó lé ní wákàtí kan kó tó wá bá mi lójú títì. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí ló sọ?" mo bi í.

"Ò bá jókòó gbọ́ ọ," ó dá mi lóhùn. Nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́yìn tí a ti lọ jìnnà, ó ní, "Èyí ló yẹ ká kọ, Zulhendri. Oyin náà, àti àká náà."

"Mardanis, ta ni wọ́n fún ní oyè lórí oyin rí?"

Ó mú bírò, ó kọ orúkọ ìyá àgbà àti ọjọ́ náà sára kásẹ́ẹ̀tì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi. Mo tẹ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà bó ṣe sọ ọ́: "Oyin jáde láti inú igi, wọ́n bò wọ́n, wọn ò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà sá." Mo wò ó. Gbólóhùn yìí dára o. Gbólóhùn ogun ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ń bà á jẹ́.

Mo fi ọ̀dà funfun tí a fi ń pa àṣìtẹ̀ rẹ́ bo "oyin". Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ. Mo wá tẹ "àwọn jagunjagun" lé e.

Mo sọ fún ara mi pé irọ́ kọ́ ni, àtúntò ni. Ọ̀rọ̀ kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún! Ẹni tó bá bu ṣíbí kan nínú ìkòkò ọbẹ̀, ṣé a máa ń pe onítọ̀hún lólè ni?

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ka orí ìwé náà, ó dìde, ó yí tábìlì rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì.

"Zulhendri! Nínú igi?"

"Nínú igi, sà."

"Wọ́n tò bí ológun?"

"Bí ológun gan-an, sà."

"Ta ni olórí wọn?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò ronú débẹ̀. Mo gbójú sókè. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri lẹ́yìn Ọ̀jọ̀gbọ́n, ti télọ̀ kan tó ń jẹ́ Lintang.

"Pandeka Lintang, sà," ni mo sọ. Pandeka ni à ń pe ọ̀gá oníjà nílẹ̀ wa.

"Pandeka Lintang," Ọ̀jọ̀gbọ́n tún un pè, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ọgọ́rin ọdún nìyí tí kò sẹ́ni tó mọ ọkùnrin yìí."

Òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Mardanis ka orí ìwé náà lọ́jọ́ kejì. Ó bá mi ní yàrá ìkàwé, ó fi ìka lé ibẹ̀.

"Kí lèyí? Oyin dà?"

"Àṣamọ̀ ọ̀rọ̀ ni oyin yẹn. Àgbà ló ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́."

"Zulhendri, ìyá yẹn fi ọwọ́ hàn wá ibi tí oyin ti ta á létí."

"O ò lóye ìjìnlẹ̀ ni."

"Ó dáa. Èmi á mú kásẹ́ẹ̀tì lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́jọ́ Ajé, kí a jọ gbọ́ ìjìnlẹ̀ náà."

Ibi tí mo ti ń fi ara mi ṣe ẹlẹ́yà bọ̀ nìyí, ibi tó wá kù yìí ló dùn mí jù. Mi ò dúró de ọjọ́ Ajé. Mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n nílé lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, mo ṣojú àánú.

"Sà, mi ò fẹ́ sọ ọ́ o. Ọ̀rọ̀ Mardanis ni. Etíkun ló dàgbà sí, kò gbọ́ èdè àwọn ará òkè dáadáa. Ìyá àgbà pa àṣamọ̀, òun rò pé oyin gidi ni."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́. "Áà," ó ní. "Ó mà ṣe o. Ọmọ tó já fáfá."

Kí ọjọ́ Ajé tó pé, mo ti mú kásẹ́ẹ̀tì náà kúrò nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀ka wa, mo sì ti gba orin orí rédíò lé e lójú méjèèjì. Nígbà tí Mardanis bi mí, mo ní ó ti bàjẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n gba iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Hólándì di tèmi. Ní ìparí sáà yẹn ó kó ẹrù rẹ̀, kò sì dágbére fún ẹnì kankan.

Irọ́ náà kò wá jókòó síbi tí mo gbé e sí. Ìwé ìròyìn kan gbọ́ nípa Pandeka Lintang, wọ́n gbé e jáde. Alákòóso àgbègbè ní òun á fi orúkọ rẹ̀ pe afárá tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí ẹnu ọ̀nà Koto Ambun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jamalus kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé ọ̀bẹ ayédáyé kan tí wọ́n fi aṣọ pupa wé dání.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀mọ̀wé," ó ní. "Koto Ambun ni mo ti wá. Èmi ni ọmọọmọ Pandeka Lintang."

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo bí Pandeka lára kàlẹ́ńdà, ó ti ní ọmọọmọ tó hewú!

"Ìdílé wa dúpẹ́," Jamalus ń bá a lọ. "Àmọ́ àṣìṣe díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ni bàbá wa fi ń jà. Ẹ ò kọ ọ́."

"Ẹ má bínú, sà," ni mo wí.

Mo sì kọ ọ́! Ó wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹtàlélógójì: "Gẹ́gẹ́ bí ìdílé rẹ̀ ti wí, ọwọ́ òsì ló fi ń jà." Ẹ wá wo òpùrọ́ tí òpùrọ́ mìíràn ń tún irọ́ rẹ̀ ṣe, tó tún ń dúpẹ́.

Ọjọ́ ìdánwò ẹnu mi pé. Gbọ̀ngàn kún. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó láàárín, ó wọ aṣọ àríyá. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Yulinar wà, obìnrin kan láti ìhà kejì awuyewuye náà, tí wọ́n pè wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Kì í gbé ohùn sókè, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí jù.

Mo sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí Pandeka ṣe bẹ́ láti orí igi. Ọwọ́ òsì ni mo lò.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bàbá Nurman, ló wọlé, ẹ̀rín gba gbogbo ẹnu rẹ̀. Nílẹ̀ wa, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni ló ń gbé ọlá ẹni. Ó ti háyà bọ́ọ̀sì, ó lọ kó ará Koto Ambun wá kí ó lè fi ṣe ìyàlẹ́nu fún mi. Ìyàlẹ́nu náà bá mi lóòótọ́. Jamalus ló ṣáájú, ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀ kọ́ ìbàdí. Ẹni tó gbẹ̀yìn ni ìyá àgbà Rawani, àwọn obìnrin méjì di apá rẹ̀ mú.

Mo sáré fi ọwọ́ òsì mi pamọ́ sẹ́yìn.

"A mà ṣoríire o," Ọ̀mọ̀wé Yulinar sọ. "Màmá, ṣé ẹ̀yin ni Rawani tí wọ́n kọ sójú ewé kọkànlélógójì? Ẹ jẹ́ kí n ka ọ̀rọ̀ yín fún yín."

Ó kà á. Ìyá àgbà fi ọwọ́ kan etí. "Tún ibi igi yẹn kà."

Ó tún un kà.

"Ta ni Pandeka Lintang?"

Jamalus fò dìde. "Bàbá bàbá mi ni!"

Ìyá àgbà wò ó láti òkè délẹ̀. "Jamalus, jókòó. Bàbá bàbá rẹ ló kọ́kọ́ dé inú odò. Èjìká ìyá mi ló gùn kọjá." Ó yíjú sí Ọ̀mọ̀wé Yulinar. "Ọmọ mi, oyin ni. Mo sọ fún wọn pé oyin ni."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lu tábìlì. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rò pé bí a bá rẹ́rìn-ín pọ̀ tó, ọ̀rọ̀ náà á kọjá lọ.

Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí wọ́n fi dákẹ́. Ó wá nawọ́ sí mi.

"Ìwọ. Àbúrò mi dà?"

"Màmá…"

"Rakiah. Mo sọ ọ́ fún yín. Ojú ewé wo lo kọ ọ́ sí?"

Mo ń ṣí ojú ewé kiri bí ẹni pé ó wà níbẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Wọ́n sun àká wa, kò sí oúnjẹ. Ìyá mi wú iṣu igbó. Iṣu yẹn ní májèlé nínú, ó gbọ́dọ̀ sùn nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Rakiah ń sunkún ebi, ìyá mi ò lè dúró di ọjọ́ kẹta." Ó mí kanlẹ̀. "Ọgọ́rin ọdún, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. Mo rò pé ẹ̀yin ẹ wá nítorí rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin tó bá ọ wá yẹn, ó di ọwọ́ mi mú, ó sunkún. Òun dà?"

Mi ò mọ ibi tí Mardanis wà. Ọ̀mọ̀wé Yulinar rọra pa ìwé mi dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, kò sì tún gbé e wọ̀ títí wọ́n fi tú ìpàdé ká.

Ẹ lè fojú inú wo èyí tó tẹ̀ lé e. Wọn ò fún mi ní oyè. Hólándì lọ. Ìyá mi ti se ẹran màlúù pẹ̀lú àgbọn fún ọgọ́ta ènìyàn, ará Koto Ambun sì jẹ ẹ́ tán láìwo ojú mi. Bàbá Nurman kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìgbà tó sì wá sọ ọ́, ó ní, "Zulhendri, ká ní o tilẹ̀ jalè ni, ǹ bá mọ bí màá ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún ìdílé."

Wọ́n gbà kí n tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo padà lọ bá ìyá àgbà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń gé igi ìdáná fún un kó tó gbà láti sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ mi, mo sì jókòó títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Mo gboyè lẹ́yìn ọdún méjì. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ó gbà mí ní ọdún márùn-ún sí i kí n tó ní ìgboyà láti lọ wá Mardanis. Mo bá a ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Payakumbuh, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn. Ó ti sanra díẹ̀. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ lọ.

"Ṣé o ti sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé irọ́ lo pa mọ́ mi?" ó bi mí.

"Ó ti mọ̀ pé oyin ni."

"Mi ò bi ọ́ nípa oyin. Mo ní, ṣé o sọ fún un pé mo gbọ́ èdè yẹn?"

Mi ò tíì sọ ọ́.

Mo padà sí Padang. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn tì, ó ń bomi rin òdòdó nínú ìkòkò. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò wò mí.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Sà?"

"Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọmọbìnrin yẹn gbọ́ èdè òkè ju èmi àti ìwọ lọ. Òun ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi." Ó gbé korobá omi sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn jagunjagun yẹn wà, Zulhendri. Ogún ọdún ni mo ti fi ń wá wọn."

Mo mú ọ̀rọ̀ náà padà lọ fún Mardanis. Mi ò bu iyọ̀ sí i, mi ò yọ nǹkan kúrò. Ó gbé bírò pupa sílẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọdún méje," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga. "Ọdún méje ni mo fi ń bi ara mi bóyá lóòótọ́ ni mi ò gbọ́ ohun tí ìyá yẹn sọ. Tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá bi mí ní ìbéèrè, màá kọ́kọ́ rò ó pé bóyá mo ṣì í gbọ́. Mo ní etí, Zulhendri. Ẹ gba etí mi lọ́wọ́ mi."

Mo ti ń wá ohun tí mo lè fi ṣàwàdà níbí yìí láti ọjọ́ náà. Mi ò rí i.

Agogo ilé ẹ̀kọ́ lù. Ó kó ìwé rẹ̀ jọ, ó dìde, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbangba lo ti pa irọ́ rẹ," ó ní. "Lọ kọ òtítọ́ rẹ̀ jáde ní gbangba. Kọ orúkọ rẹ síbẹ̀, kọ tèmi náà. Má sì sọ ara rẹ di akọni níparí rẹ̀."

Ó wọ kíláàsì lọ. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ dìde kí i.